Aránṣọ Tí Kò Lórúkọ Nínú Ìròyìn

Gègé-ò-bẹ̀rù ni wọ́n ń pe akọ̀ròyìn kan, orúkọ náà sì ń dùn mọ́ ọn bí oyin. Ṣùgbọ́n kí gègé tó bọ́ ọ, abẹ́rẹ́ ló tọ́ ọ dàgbà. Kékeré ló wà nígbà tí bàbá wọn kú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀, ló jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ títí àbúrò fi kàwé tán. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó yè lára ẹ̀gbọ́n yìí ló fi ń tẹ ẹ̀rọ náà.

Nígbà tí àwọn jàǹdùkú dáná sun ọjà, ẹ̀gbọ́n rí olórí wọn. Ó sọ ọ́ fún àbúrò rẹ̀ nínú ilé, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má dárúkọ òun.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Ṣé ọmọ àná ni mí lẹ́nu iṣẹ́ yìí ni?"

Lóòótọ́, kò dárúkọ. Ṣùgbọ́n lójú tirẹ̀, ìròyìn tí kò ní àpèjúwe, ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ ni. Ó kọ ọ́ pé aránṣọ kan tó ń fi ẹsẹ̀ kan tẹ ẹ̀rọ, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ọjà, ló rí wọn. Ó fi ewé bo orí erin, ó gbàgbé pé gbogbo ara rẹ̀ wà níta.

Ọ̀sán ọjọ́ tí ìwé ìròyìn jáde ni àwọn jàǹdùkú náà dé. Àbúrò wà ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń fi ìgbéraga ka iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n létí. Ẹ̀gbọ́n rí wọn lókèèrè, ó tì í sábẹ́ tábìlì ìgéṣọ, ó fa aṣọ bò ó. Wọ́n bèèrè ẹni tó kọ ọ́.

"Èmi ni mo sọ̀rọ̀," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Kò sí ẹlòmíràn níbí."

Ohun tí àbúrò gbọ́ lẹ́yìn ìyẹn kò ṣeé ròyìn.

Láti ìgbà náà ni ọtí ti di omi fún un. Ilé-iṣẹ́ ń pè é ní akọni. Kò sì lè wojú ìyá rẹ̀.

Ayàwòrán tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wá a dé ilé ọtí. Ó ní bó bá jẹ́ pé ọtí ń fọ ẹ̀jẹ̀ ni, ọ̀rẹ́ òun ni ì bá mọ́ jù ládùúgbò. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ayàwòrán wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ kú nípò rẹ. Ẹnìkan ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ ṣáájú rẹ̀. Jésù mọ gbogbo ohun tí o máa kọ, síbẹ̀ Ó gba ikú rẹ kú lórí àgbélébùú."

Akọ̀ròyìn wólẹ̀ sáàárín àga. Ẹni tó ti ń to ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ aráyé sójú ìwé wá to tirẹ̀ síwájú Olúwa. Lọ́tẹ̀ yìí, ó dárúkọ ara rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló lọ dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀. "Màmá, èmi ni mo fa ikú ẹ̀gbọ́n mi."

Ìyá gbé e dìde. "Mo mọ̀," ló wí. "Wọ́n kà á fún mi lọ́jọ́ tó jáde. Ìwọ ni mo ń retí."

Wọ́n sunkún títí. A dárí jì í, ṣùgbọ́n òkú kò jí. Ẹ̀rọ ìránṣọ ṣì wà ní igun yàrá, kò sẹ́sẹ̀ tó ń tẹ̀ ẹ́.

Ìwọ tí ò ń kàwé yìí, abẹ́ tábìlì wo lo sá sí? Ẹni tó kú nípò rẹ ló ń pè ọ́ jáde. Tọ̀ ọ́ lọ nísinsìnyí, kí o dárúkọ ara rẹ. Má sọ pé ó di ọ̀la. Aṣọ kan wà lórí ẹ̀rọ aránṣọ yẹn lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó ti sọ fún oníbàárà rẹ̀ pé kó wá gbà á lọ́la.