Àkísà Pupa àti Ọkọ̀ Onírù

"Ó ti gbérù! Ó ti gbérù o!"

Igbe àwọn ọmọ àdúgbò ló kọ́kọ́ dé etí Motọ́lání lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ náà, níbi tí ó ti ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ takisí àtijọ́ kan. Kò tíì yọjú tí ó fi mọ ohun tó ń bọ̀. Ní ọdún tí à ń wí yìí, ìyẹn ọdún kejì tí wọ́n ṣí afárá gígùn tó gba orí ọ̀sà kọjá, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló ń gbé ìrù sókè ní gbogbo Sùúrùlérè.

Ó rá jáde, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn. Ọkọ̀ eré náà yà wọ òpópónà wọn lẹ́yìn Ojúẹlẹ́gbà, ó pupa bí ata, ó rẹlẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Pátákó dúdú pẹlẹbẹ kan nà sókè lẹ́yìn rẹ̀. Bí ọkọ̀ náà ti ń dín eré kù ni pátákó náà ń rọ̀ wálẹ̀, jẹ́ẹ́jẹ́, bí adìẹ tó fẹ́ sàba lé ẹyin, títí ó fi lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ ní ń gbé e sókè bí eré bá ti kọjá ọgọ́rin kìlómítà ní wákàtí, òun náà ní ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ bí ó bá fẹ́ dúró. Orúkọ tí àwọn òyìnbó tó ṣe é sọ ọ́, ọ̀rọ̀ tiwọn nìyẹn. Ní ìsọ̀ Ọ̀gá Àmúsà, ìrù ni wọ́n ń pè é.

Ríwáyà ni Ọ̀gá Àmúsà, ọ̀kan nínú àwọn tí ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, bí àwọn òbí Motọ́lání náà. Nígbà tí ìyá Motọ́lání, tí ń ta ẹja gbígbẹ ní Tejúoṣó, mú ọmọ rẹ̀ wá kọ́ṣẹ́ lẹ́yìn ìwé mẹ́wàá, gbogbo ìsọ̀ ló bú sẹ́rìn-ín. "Obìnrin kẹ̀? Nídìí bátìrì?" Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Iná kì í béèrè bóyá ọkùnrin ni ẹ́ tàbí obìnrin kí ó tó jó ọ." Ọdún mẹ́ta ti kọjá. Motọ́lání ti di ọmọ ọdún méjìdínlógún. Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni yóò gba ìyọ̀ǹda, tí Ọ̀gá yóò gbàdúrà fún un níṣojú gbogbo èèyàn, tí yóò sì di ọ̀gá ara rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti fi ìwé rán dẹ́rẹ́bà kan ní gáréèjì Jíbówú sí àwọn ẹbí nílé pé kí wọ́n máa bọ̀.

Láyí ló jáde nínú ọkọ̀ pupa náà, ọmọ Ẹnjiníà Adéríbigbé, oníbàárà wọn tó ni ọkọ̀ náà. Ọdún kan péré ni ó fi ju Motọ́lání lọ, yunifásítì l'Ákọkà ló wà.

"Ìrù rẹ ti ń ròyìn rẹ bọ̀ láti ọ̀nà," ni Motọ́lání fi kí i.

"Òun gan-an ló gbé mi wá. Lání, ìrù yìí fẹ́ ba ayé mi jẹ́." Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Dádì mi ní n kò gbọdọ̀ sáré kọjá ọgọ́rin. Ó wá lọ sọ fún gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, ẹ bá ti rí ìrù yẹn lókè, ọmọ mi ń sáré nìyẹn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹni mẹ́ta ló tẹ fóònù sílé wa. Pásítọ̀ wà nínú wọn!"

"Ṣé o ò wá lè máa rọra rìn ni?"

"Lórí afárá tuntun? Ta ní ń rọra rìn lórí afárá tuntun?" Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Bá mi já wáyà rẹ̀ kí ó má dìde mọ́."

"Ọ̀gá nìyẹn nínú iyàrá. Lọ bá wọn."

"Kí wọ́n lè ròyìn fún Dádì? Rárá o. Àbí o ò mọ̀ ọ́n ṣe ni? Sọ tó bá jẹ́ pé o ò mọ̀ ọ́n ṣe. Mo mọ̀ pé ó ju agbára obìnrin lọ. N óò gbé e lọ bá àwọn ará Mushin."

Ọ̀rọ̀ náà wọlé, ó sì rí ibi jókòó sí. Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ yìí bá wá ni ó ń wu Motọ́lání láti ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, kí ó rí ohun tí ń gbé ìrù dìde. Kì í ṣe òun nìkan, kò sí ẹni tó tíì dé ìdí rẹ̀ rí ní gbogbo ìsọ̀ náà.

"Kí tiẹ̀ ni ìrù yẹn wà fún?" ni ó bi í.

"Fáàrí ni, jàre! Bí àkùkọ tó ń na ìrù."

Ọjọ́ kejì jẹ́ Jímọ́ọ̀. Nígbà tí Ọ̀gá àti àwọn ọmọṣẹ́ yòókù lọ kírun, Motọ́lání dúró ti ìsọ̀, Láyí sì dé. Motọ́lání ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, ó ń fi ọwọ́ tọ wáyà lọ bí ẹni ń tọ ipa ẹsẹ̀ ẹran nínú igbó. Ó bá mọ́tọ̀ kékeré kan tí kò tó ìkúùkù, èyí tí ń ti ìrù náà sókè. Ó tú ẹnu wáyà rẹ̀. Wọ́n gbé ọkọ̀ náà jáde sí ojú ọ̀nà gbalasa, eré kọjá ọgọ́rin, ìrù kò mira. Ṣùgbọ́n iná kékeré kan là wàì níwájú Láyí. Ọkọ̀ náà ti mọ̀ pé ìrù òun kọ̀ láti dìde, ó sì ń wí i.

"Pa ẹnu èyí náà mọ́," ni Láyí wí.

Nígbà tí wọ́n padà dé ìsọ̀, Motọ́lání yọ gílóòbù iná náà, ó sọ ọ́ sápò. Ó dùn mọ́ ọn nínú, ẹ má jẹ́ kí a purọ́. Iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí ni ó ṣe.

Ó wá na ọwọ́ sí ibi tí àkísà pupa wà. Òfin kan wà ní ìsọ̀ Ọ̀gá Àmúsà tó ju gbogbo òfin lọ. Ohunkóhun tí o bá já nínú ọkọ̀, tí o kò tíì so padà, o gbọ́dọ̀ so àkísà pupa mọ́ sitiárín rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wa ọkọ̀ náà yóò rí i, yóò béèrè pé, "Kí lẹ já?" Ìgbà tí a bá sì sọ fún ẹni tó ni ọkọ̀ lójúkojú ni àkísà tó lè kúrò níbẹ̀. Gbogbo oníbàárà ló mọ òfin yìí.

Láyí di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ṣé o fẹ́ pa mí ni? Èmi nìkan ni n óò máa wa ọkọ̀ yìí. Dádì ń lọ sí Kàdúná láàárọ̀ ọ̀la."

Motọ́lání wo àkísà náà títí. Ó ká a, ó sì fi í sínú àpò ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀.

Ní àárọ̀ Sátidé, òjò ṣú dẹ̀dẹ̀ sójú ọ̀run Èkó. Motọ́lání ń fọ orí bátìrì ni ó gbọ́ ohùn ọkọ̀ tó mọ̀. Ọkọ̀ pupa ló dé, ṣùgbọ́n Ẹnjiníà Adéríbigbé fúnra rẹ̀ ló wà nídìí rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o, Ríwáyà! Bàálù Kàdúná kò gbéra, ni mo bá ní kí n yára dé Ìbàdàn lọ rí ẹ̀gbọ́n mi tí ara rẹ̀ kò yá. Ẹ bá mi wo iná iwájú, òjò ń bọ̀."

Ọ̀gá wò ó, ó ní kò sí wàhálà. "Ẹ rọra o, Ẹnjiníà. Ọ̀nà á yọ̀."

"Ìdí tí mo fi fẹ́ràn ọkọ̀ yìí nìyẹn. Bí èèyàn bá sáré, afẹ́fẹ́ a máa fẹ́ gbé ìdí ọkọ̀ sókè. Ìrù yẹn ní ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Òun ni mo gbójú lé." Ó yíjú sí Motọ́lání, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Oníwáyà wa! Mo gbọ́ pé ó ku ọ̀sẹ̀ kan. Èmi ni n óò ra àpótí irinṣẹ́ fún ọ o. Ṣé o gbọ́?"

"Ẹ ṣé, sà," ni Motọ́lání wí. Ó rí ìyá rẹ̀ lójú inú, ó rí àwọn ẹbí tó ń di ẹrù nílé. Ó tẹ orí ba, ó ń fọ orí bátìrì lọ. Ọkọ̀ pupa náà sì lọ.

Ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ bọ́ sí i lọ́rùn. Ó ki ọwọ́ bọ àpò láti nu ún, àkísà pupa ló bọ́ sí i lọ́wọ́.

"Ọ̀gá!" Igbe rẹ̀ mú kí gbogbo ìsọ̀ yíjú. "Ọ̀gá, ẹ gbà mí! Mo ti já ìrù ọkọ̀ yẹn. Mo yọ iná rẹ̀. N kò so àkísà!"

Ọ̀gá Àmúsà ju irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó mú kọ́kọ́rọ́ takisí àtijọ́ náà, ó ní, "Wọlé."

Ọlọ́run ló ní kí epo ọkọ̀ wọ́n lọ́sẹ̀ yẹn. Ní ilé epo kan ní Jíbówú, lójú ọ̀nà Ìbàdàn, ìlà ọkọ̀ gùn bí ejò, wọ́n sì rí pupa náà láàárín rẹ̀. Motọ́lání ti bẹ́ sílẹ̀ kí takisí tó dúró, ó ń sáré gba ẹ̀gbẹ́ ìlà lọ nínú òjò.

"Ẹ wo ẹlẹ́yìí! Ó fẹ́ já ìlà!" ni dẹ́rẹ́bà kan kígbe.

"Àǹtí, ìdí ìlà wà lọ́hùn-ún o! Kò sí ti arẹwà níbí!"

Ó dé ojú fèrèsé Ẹnjiníà, èémí kò jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀. Ó na ọwọ́ wọlé, ó so àkísà pupa mọ́ sitiárín, ó sì dúró, òjò ń ṣàn lójú rẹ̀.

Ẹnjiníà wo àkísà. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀.

"Kí lo já?"

"Ìrù, sà. Àti iná tí ì bá sọ fún yín."

"Ta ló ní kí o já a?"

"Ọwọ́ mi ló já a, sà."

"N kò bi ọ́ léèrè ọwọ́. Mo mọ ilé tí ẹnu tó rán ọ wà." Ó fi ọwọ́ kan àkísà náà. "Mo fẹ́ sáré gan-an lónìí, ṣé o mọ̀? Nítorí ẹ̀gbọ́n mi."

Ibẹ̀ ni Motọ́lání ti so wáyà náà padà, tí ó sì dá gílóòbù iná náà padà sí àyè rẹ̀, láàárín ìlà epo, tí Ọ̀gá na agboòrùn bò ó lórí, tí àwọn tó ń bú u lẹ́ẹ̀kan ń bá a ti ọkọ̀ síwájú bí ìlà bá ti sún. Ẹnjiníà tú àkísà náà fúnra rẹ̀, ó dá a padà fún un.

Ní ọ̀nà ilé ni Ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ lé e lórí. "Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ pé. Mo wo ibi tí o ti tú u, èmi gan-an ì bá má ṣe é mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyọ̀ǹda kò tíì kàn ọ́. Ó di oṣù mẹ́fà sí i."

Àwọn ẹbí dé láti Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n jẹun, wọ́n padà. Ìyá rẹ̀ kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ní ti Láyí, bàbá rẹ̀ gba kọ́kọ́rọ́, mólúè ló ń gbé e lọ sí Ákọkà. Títí ọyẹ́ fi dé ni kò yà sí ìsọ̀ wọn. Lọ́jọ́ kan ó dé pẹ̀lú bọ̀ọ̀lì gbígbóná nínú bébà, ó ní, "O ò dárúkọ mi." Motọ́lání ní, "Wọ́n ò nílò rẹ̀." Wọ́n jọ jẹ bọ̀ọ̀lì náà lórí táyà.

Nígbà tí oṣù kẹfà pé, Ọ̀gá gbàdúrà fún un níṣojú gbogbo ayé. Ẹnjiníà gbé àpótí irinṣẹ́ wá bí ó ti ṣèlérí. Nígbà tí Motọ́lání ṣí i, ó bá sípánà, ó bá pùláyà, ó bá tẹ́sítà. Lókè gbogbo wọn, aṣọ pupa tuntun kan wà níbẹ̀, wọ́n ká a dáadáa.

Ayé ti yí láti ìgbà náà. Ọ̀gá Àmúsà ti papò dà, takisí àtijọ́ ti di irin, ọkọ̀ onírù sì ti pọ̀ lójú títì tí ọmọdé kankan kò pariwo mọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé ìsọ̀ Ìyá Ríwáyà ní Mushin lónìí, ẹ óò rí àwọn àkísà pupa tí wọ́n fi kọ́ sára ògiri. Àwọn ọmọṣẹ́ tuntun a máa bẹ̀rù wọn.

"Mọ̀mí, ṣé oògùn ni?"

Motọ́lání a rẹ́rìn-ín, a sì pa iṣẹ́ tì díẹ̀, bí ẹni tí òórùn òjò Jíbówú ọjọ́ yẹn tún kọ lù.

"Oògùn ni," a wí. "Takúté tí o bá dẹ ní ìkọ̀kọ̀ nítorí ẹnìkan kì í béèrè orúkọ kí ó tó mú ẹsẹ̀. Bí ọ̀rẹ́ bá ní o kò lè ṣe nǹkan, má fi ohun tí kò tọ́ hàn án pé o lè ṣe é. Bí ẹ bá sì ti ṣe é ná, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má jẹ́ kí ìtìjú dì yín lẹ́nu. Ẹ sáré tẹ̀lé e nígbà tí ó ṣì wà ní ìlà epo. Ìtìjú ọjọ́ kan, òjò a máa fọ̀ ọ́ lọ. Ohun tó bá ti dé orí títì Ìbàdàn, kò sí àkísà tó lè dá a padà."