Ìdáhùn Ìyá Taraneh

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Golnaz, ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀rọ ìránṣọ tí mo yá fún fíìmù mi kò ní abẹ́rẹ́. Aránṣọ ni, ó wá bá wa ṣeré nínú rẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ lọkàn mi ti fà sí i, mi ò ní purọ́.

Fíìmù kékeré ni, a ò gbàṣẹ ìjọba, yàrá abẹ́lẹ̀ ilé ẹ̀gbọ́n mi ní Tehran la ti ń yà á. Ó dá lórí àwọn ọmọbìnrin mẹ́fà tó jóná lóòótọ́ sílé iṣẹ́ ìránṣọ kan, tí ọ̀gá wọn ti ilẹ̀kùn mọ́. A ò kọ ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀. Ohun tó bá wá sẹ́nu oníkálukú ló máa sọ.

Nígbà tó kan Golnaz, ó gbé fóònù sétí. "Màmá, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ wa." Ló bá bú sẹ́kún. Ìgbà yẹn ló jẹ́wọ́ pé Taraneh, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́fà náà, ni ẹ̀gbọ́n òun, àti pé bó ṣe pe ìyá wọn lọ́jọ́ iná náà nìyẹn.

Mo ní ká pa iṣẹ́ náà tì.

"Behrang mi, tó o bá pa á tì, ta ló máa mọ̀ pé wọ́n ti ilẹ̀kùn?"

Ó pè mí ní tirẹ̀. Bí ìfẹ́ wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tó yá, èmi àti ìyá mi gbé òdòdó àti àkàrà dídùn lọ tọrọ rẹ̀. Golnaz fọwọ́ ara rẹ̀ gbé tíì fún wa, bí ọmọ tí wọ́n ń tọrọ ṣe ń ṣe. Ìyá rẹ̀ kò wo òdòdó.

"Ọmọ mi kú, o sọ ọ́ di eré. O tún wá mú èyí tó kù?"

Ojú tì mí. Golnaz bẹ̀ ẹ́ pé kó wo fíìmù náà ná. Ó wò ó tán, ó nu ojú.

"Kò parí síbẹ̀. Mo dá a lóhùn. Mo rò pé ó ń ṣàwàdà bí ìṣe rẹ̀ ni. Mo ní kó yéé ṣeré, kó parí iṣẹ́ rẹ̀. Mo sì pa fóònù."

Golnaz kò gbọ́ ìyẹn rí. Ìyá ní kí n gbé kámẹ́rà jáde, òun fúnra òun ló máa sọ ìdáhùn òun.

Golnaz pè é láti yàrá kejì. "Màmá, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ wa."

Ìyá la ẹnu lẹ́ẹ̀mejì láti sọ pé kó yéé ṣeré, kò lè sọ ọ́.

"Mò ń bọ̀, ọmọ mi."

Ó dìde, ó sáré jáde láìwọ bàtà. Orí àtẹ̀gùn la ti bá a níjòókòó. Golnaz dì mọ́ ọn. Mo gbé kámẹ́rà sílẹ̀, mo fẹ́ tọrọ àforíjì kí n máa lọ.

"Má gé ibẹ̀ yẹn kúrò," Ìyá ní, kò gbójú sókè. "Ọ̀fọ̀ Taraneh ku oṣù mẹ́rin kó pé ọdún. Wá bá wa ṣọ̀fọ̀ náà parí. Lẹ́yìn náà, wá mú aya rẹ."