Ẹnìkejì Mercy

"Ta ni ẹnìkejì Mercy?"

Àǹtí Esther béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Ìdí òkè Adó-Àwáyè ni bọ́ọ̀sì wọn dúró sí. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ Onítẹ̀bọmi tó ti Ẹdẹ wá wo adágún omi orí òkè náà ń wo ara wọn lójú. Nínú búrẹ́dì tí wọ́n pín, ti ẹnì kan ló ṣẹ́ kù lọ́wọ́ Àǹtí Esther. Fọláhànmí tẹjú mọ́ bàtà rẹ̀.

Àǹtí Esther kì í ka ọmọ. Ó ní a kì í ka ọmọ ọlọ́mọ bí ẹni ń ka iṣu. Méjì-méjì ló máa ń so wọ́n pọ̀ bí wọ́n bá ń lọ sí ìrìn àjò. "Ẹ ò gbọdọ̀ gòkè láìsí ẹnìkejì yín, ẹ ò sì gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ láìsí i," ó ti sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn láàárọ̀. "Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ojú ni kẹ́ ẹ fi ṣọ́ra yín, kì í ṣe ẹnu."

Mercy ló bọ́ sí Fọláhànmí lọ́wọ́. Ọmọ Alájùẹ nítòsí Ẹdẹ ni. Ọ̀kadà gbé e ṣubú lọ́dún tó kọjá, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò sì tíì bọ̀ sípò tán. Wọ́n ti gun àtẹ̀gùn dé ìdajì nígbà tí Bámidélé, ọ̀kan nínú àwọn tó ti ṣáájú, bojú wẹ̀yìn.

"Fọláhànmí, ṣé wọ́n ń sìn ọ́ relé ọkọ ni? Kó o tó débẹ̀, omi á ti gbẹ!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti Fọláhànmí. Ó mú Mercy jókòó sórí òkúta kan.

"Dúró síbí. Mò ń padà bọ̀ wá mú ọ."

"Ṣé lóòótọ́?"

"Ìwọ náà! Ṣé mo máa ń parọ́ ni?"

Ó sáré tẹ̀ lé àwọn yòókù.

Omi náà tẹ́ sílẹ̀ jẹ́ẹ́ lórí àpáta. Àwọn òkè yí i ká bí màlúù tó dùbúlẹ̀, òrùlé àwọn ilé ìlú sì kéré nísàlẹ̀ bí páálí ìṣáná. Fọláhànmí na fóònù rẹ̀ sókè, ó ń ya ara rẹ̀ ní fọ́tò, ó ń rẹ́rìn-ín, títí ó fi gbàgbé Mercy. Nígbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, kò sẹ́ni lórí òkúta yẹn mọ́. "Ó ti sọ̀ kalẹ̀ nìyẹn," ó sọ fún ara rẹ̀. Ní ẹnu ọ̀nà bọ́ọ̀sì, Àǹtí Esther ké sí wọn: "Ẹnìkejì yín ńkọ́?" Fọláhànmí náà bá wọn dáhùn: "Ó wà níbí!" Kò tilẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Èmi ni, mà," Fọláhànmí wí wàyí. "Mo fi í sílẹ̀."

Àǹtí Esther ká ọwọ́ lérí. "Fọláhànmí! Kí ni mo fẹ́ sọ fún ìyá rẹ̀?"

Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu Bámidélé. "Ṣé o ní fọ́tò rẹ̀? Ká fi han àwọn ará ìlú."

Fọláhànmí ṣí fóònù. Ojú ara rẹ̀ ló rí. Ó fà á, ojú ara rẹ̀ tún ni. Àfi ìgbà tó kan ọ̀kan nínú wọn: lẹ́yìn èjìká rẹ̀, létí omi, Mercy jókòó pẹ̀lú gèlè pupa rẹ̀, ó na ọwọ́ sókè, ó ń pè é.

Mercy ti fi ẹsẹ̀ tó ń dùn ún yẹn gun òkè náà lóun nìkan.

Fọláhànmí ju báàgì sílẹ̀, ó sáré. Àǹtí Esther ń mí hẹlẹ-hẹlẹ bọ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí Fọláhànmí dé òkè, kò nílò láti wá Mercy kiri. Ibi tó wà nínú fọ́tò náà ló ṣì wà, ó na ẹsẹ̀ sílẹ̀.

"Mo pè ọ́ títí," Mercy wí. "O ò gbọ́."

"Kí ló dé tí o ò sọ̀ kalẹ̀?"

"Láìsí ẹnìkejì mi?"

Fọláhànmí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó wọ bàtà fún un. Ó ti wá yé e pé ẹni tó ń wo ojú ara rẹ̀ nìkan kì í rí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, àti pé a kì í fi ẹnu lásán ṣe ọ̀rẹ́. Ó gbé apá Mercy kọ́ èjìká.

Láti orí àtẹ̀gùn, ohùn Àǹtí Esther ń gòkè bọ̀: "Fọláhànmí! Ẹnìkejì rẹ ńkọ́?"

Fọláhànmí yíjú, ó kọ́kọ́ wo ojú Mercy dáadáa.

"Ó wà níbí, mà."