Lasáńyà Ọlọ́sàn

"Téèpù!"

Bàámi na ọwọ́ sẹ́yìn láì bojú wẹ̀yìn, bíi dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ abẹ. Mo fi téèpù ìwọnṣọ lé e lọ́wọ́. Ó wọn gígùn páànù, ó wọn ìbú rẹ̀, ó wá wọn ewé makaróní kan tó ti bọ̀ rọ̀ lórí tábìlì. Ó mi orí.

"Íǹṣì kan ló fi gùn jù. Àlùmọ́gàjí!"

"Bàámi, ẹ ṣáà fọwọ́ já a."

"Kí n fọwọ́ já a? Ṣé o ti rí ibi tí mo ti ń fi eyín gé aṣọ oníbàárà rí?"

Iṣẹ́ aránṣọ ni bàbá mi ń ṣe, kò sì mọ ọ̀nà mìíràn tí a ń gbà se oúnjẹ ju kó rán an lọ. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ló máa ń se lasáńyà, oúnjẹ àwọn ará Ítálì. Á tẹ́ makaróní tó fẹ̀ pẹlẹbẹ bí ojú ìwé, á da ọbẹ̀ tòmátì àti ẹran lílọ̀ lé e, á fọ́n wàràkàṣì sí i, á tún tẹ́ òmíràn lé e lórí, títí páànù á fi kún, kó tó tì í sínú ófùnù. Màámi ló máa ń sè é kó tó kú. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà náà. Àbúrò mi tí a ń pè ní Tíńtín kò tíì pé ọdún kan. Èmi ṣì ń rántí ohùn Màámi, mo ń rántí ọwọ́ rẹ̀ nínú irun mi. Tíńtín ò ní nǹkan kan àfi oúnjẹ ọjọ́ Sátidé yìí. Tó bá ti jókòó tì í, á gbé imú sún mọ́ àwo, á mí kanlẹ̀, á ní, "Màámi ti dé."

Ìṣòro kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: oúnjẹ náà kò dùn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí Bàámi gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ló ń fún odidi ọsàn méjì sínú ọbẹ̀ tòmátì? Bàámi ni. Ta ló ń fi oúnjẹ sílẹ̀ nínú ófùnù títí orí rẹ̀ á fi dúdú bíi bàtà sójà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn? Bàámi náà ni. Mo ti gbà lọ́kàn mi pé ti Màámi dùn bí oyin, pé Bàámi ni kò mọ̀ ọ́n sè. Àmọ́ ta ni yóò la ẹnu sọ bẹ́ẹ̀ fún bàbá rẹ̀? Mò ń jẹ ẹ́, mò ń fi omi tì í lọ sísàlẹ̀, mò ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ní àkókò yẹn, ìdánwò àṣekágbá ti ń sún mọ́lé, àwa mẹ́ta nínú kíláàsì sì dá ẹgbẹ́ ìkàwé sílẹ̀. Ilé ẹnì kan lọ́sẹ̀ yìí, ilé ẹlòmíràn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Onílé ló ń pèsè oúnjẹ. Ìwé ló yẹ ká máa kà o, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tí a ń pè ní Ìyá Máàkì wà láàárín wa. Ìyá rẹ̀ ń se oúnjẹ fún àwọn onínàáwó, òun náà sì gbà pé ahọ́n òun ti gboyè. Ilé tó bá ti jẹun, á fún onílé ní máàkì nínú mẹ́wàá. Ẹnì kejì wa se ìrẹsì tí kò jinná. Máàkì méjì ló gbà, ó sì gba orúkọ tuntun lé e lórí: Òkúta. Títí dòní, Òkúta là ń pè é. Olùkọ́ ìṣirò pàápàá ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè é bẹ́ẹ̀.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, ilé tiwa ló kàn.

"Bàámi," mo ní, "mo kàn fẹ́ ra búrẹ́dì àti ẹyin fún wọn."

"Búrẹ́dì! Kí ọmọ ọlọ́mọ wá sílé mi, kí n fún un ní búrẹ́dì? Àkọ́bí mi, lasáńyà màmá yín ni wọn yóò jẹ!"

"Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu, Bàámi."

"Ìyọnu wo? Ìdùnnú mi ni!"

 Mo ti ń gbọ́ orúkọ tí Ìyá Máàkì máa sọ mí.

Nígbà tí Sátidé dé, agogo márùn-ún ìdájí ni Bàámi ti gbé ìkòkò ka iná. Wákàtí mẹ́ta gbáko ló fi ń ro ọbẹ̀ náà lórí iná jẹ́jẹ́, tó ń kọrin sí i. Ó fún ọsàn méjì sínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wọ bàtà, nítorí ìyàwó ojú ọ̀nà kan ń bọ̀ wá wọ aṣọ rẹ̀ wò ní ṣọ́ọ̀bù. Tíńtín tẹ̀ lé e láti bá a to bọ́tìnnì.

"Tó bá di aago mọ́kànlá, tò ó sínú páànù, kí o tì í sínú ófùnù. Wákàtí kan gbáko! O ò gbọdọ̀ yọ ọ́ ṣáájú."

"Mo ti gbọ́, Bàámi."

Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn, ó fi ẹ̀gún sọ́wọ́. Wọn ò tíì yí kọ́nà tí mo fi gbé ìkòkò náà dé ẹnu síǹkì. Tòmátì tuntun, ẹran àti wàràkàṣì tèmi ti wà nínú fíríìjì láti Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìgò omi. Mo tẹ ìkòkò síwájú. Òórùn ọsàn gba inú ilé ìdáná kan, ọwọ́ mi sì dúró. Gbogbo Sátidé ayé mi ló wà nínú òórùn yẹn. Mo rántí Tíńtín. Ṣùgbọ́n mo tún rántí Òkúta.

Mo da ọbẹ̀ náà nù, mo sì fọ ìkòkò náà mọ́ tónítóní.

Mo ṣí fídíò kan nínú fóònù mi. Obìnrin inú rẹ̀ kò fún ọsàn kankan sí nǹkan kan. Àlùbọ́sà, aáyù, tòmátì, ẹran, ó tán. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré ló lò nínú ófùnù. Nígbà tí mo yọ tèmi jáde, orí rẹ̀ pọ́n bíi wúrà. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́ fún ara mi.

Nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ mi dé, Ìyá Máàkì bu ṣíbí kan. Ó di ojú. Ó jẹ ẹ́ lọ, ó jẹ ẹ́ bọ̀, bíi adájọ́ tó fẹ́ ka ìdájọ́.

"Máàkì mẹ́sàn-án."

"Mẹ́sàn-án!" Òkúta pariwo. "Ìyá Máàkì, ṣé ara ẹ yá?"

"Ta ló kọ́ ẹ?" Ìyá Máàkì bi mí.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ẹnu mi sọ. "Oúnjẹ màmá mi ni. Òun ló fi sílẹ̀ fún wa."

Kò tíì jáde lẹ́nu mi tán tí ilẹ̀kùn fi ṣí. Bàámi wọlé, òwú pupa lára ẹ̀wù rẹ̀, Tíńtín lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, sà!" Òkúta dìde. "Sà, lasáńyà màmá wọn yìí dùn gan-an! Máàkì mẹ́sàn-án!"

Ojú Bàámi tàn bí iná mànàmáná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì, ó jó yí àga ká. "Àkọ́bí, o gbọ́? Àwọn tó mọ oúnjẹ ló ń sọ̀rọ̀ yìí!" Ó jókòó, ó bu tirẹ̀, ó fi sẹ́nu.

Àgbọ̀n rẹ̀ dúró. Ó wo orí oúnjẹ tó pọ́n bíi wúrà. Ó wò mí. Mi ò lè wò ó padà.

Tíńtín ti gbé imú sún mọ́ àwo. Ó mí kanlẹ̀. Ó tún mí.

"Èyí kọ́ ni ti Màámi," ó ní. "Àǹtí mi, ibo lẹ gbé ti Màámi sí?"

"Ẹ̀n-ẹ́n?" Ìyá Máàkì yí ọrùn sọ́dọ̀ mi. "O ò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé oúnjẹ màmá yín ni?"

Ilẹ̀ ò lanu. Mo bẹ̀ ẹ́ kó lanu, kò dá mi lóhùn.

Bàámi ló dáhùn. "Ẹ̀bi mi ni o, ẹ̀yin ọmọ. Mo jó ọbẹ̀ tòótọ́ mọ́ ìkòkò láàárọ̀. Àkọ́bí mi ló sáré se òmíràn kí àbùkù má bàa kàn mí." Ó tún bu ṣíbí kan, ó gbé e mì. "Ó sì dára. Ó dára gan-an."

Ṣùgbọ́n Tíńtín ti sáré wọ ilé ìdáná. Nígbà tó padà, ó gbé ìkòkò òfìfo náà mọ́ àyà. Ó ti orí bọ inú rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ń dún láti ìsàlẹ̀ ìkòkò: "Wọ́n ti fọ̀ ọ́. Kò ní òórùn kankan mọ́."

Ó wá bú sẹ́kún. Kò pariwo. Ó kàn ń sunkún sínú ìkòkò náà bí ẹni tí wọ́n tún ìyá rẹ̀ sin lójú ara rẹ̀.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi palẹ̀ ìwé wọn mọ́, wọ́n lọ. Nígbà tí Tíńtín sùn tán pẹ̀lú ìkòkò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú Bàámi, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ń yọ òwú lára ẹ̀wù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò bá mi wí.

"Kí ló dé tí o dà á nù?" ó bi mí níkẹyìn.

"Bàámi, ẹ dárí jì mí. Mo fẹ́ kí wọ́n jẹ ẹ́ bí Màámi ṣe máa ń sè é gan-an. Mo rántí pé tiwọn dùn."

Bàámi gbójú sókè. "Kí ló dùn?"

"Lasáńyà Màámi."

Ó wò mí títí. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni! Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

"Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà," ó ní. "Àkọ́bí, màmá ẹ ò mọ̀ ọ́n sè rárá! Ara páálí makaróní ló ti kà á. Àwòrán àwo lasáńyà wà níbẹ̀, ọsàn méjì sì wà létí àwo náà, wọ́n kàn fi ṣe ẹwà ni. Màmá ẹ ní, 'Kò sí ohun tí wọ́n máa yà síbẹ̀ lásán.' Ló bá fún un sí i!"

"Orí rẹ̀ tó ń jóná ńkọ́?"

"Ófùnù tá a kọ́kọ́ ní, ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í pa dé. Wákàtí kan ló ń gbà kí oúnjẹ tó jinná. A ra tuntun, màmá ẹ kò yí wákàtí rẹ̀ padà. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó gbé e wá, ọkọ ìyàwó tuntun ni mí. Ó ní, 'Ó dùn àbí kò dùn?' Kí lo fẹ́ kí n sọ? Mo ní ó dùn. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi san gbèsè irọ́ yẹn!"

"Ṣé Màámi ò mọ̀ ni?"

"Ó mọ̀! Ó jẹ ti ẹlòmíràn níbi ìnáwó kan. Bó ṣe délé, ìrọ̀rí ló fi lù mí. 'O wojú mi, o parọ́ fún mi fún ọdún mẹ́sàn-án!' Sátidé yẹn, ó sè é bó ṣe yẹ, kò fún ọsàn sí i, orí rẹ̀ pọ́n bíi tìrẹ òní yìí. Mo jẹ ẹ́, kò wọlé. Èmi náà ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dá ọsàn mi padà." Ó nu ojú rẹ̀. "Irọ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ó di òótọ́ mọ́ mi lẹ́nu. Kì í ṣe pé n kò mọ oúnjẹ sè, ọmọ mi. Bó ṣe sè é ni mò ń sè é, kí Tíńtín lè fi mọ màmá yín."

Èmi tí mo rò pé mò ń tún oúnjẹ Màámi ṣe, ibi kan ṣoṣo tí Màámi kù sí nínú ilé wa ni mo dà sínú síǹkì.

Ilẹ̀ mọ́, mo sọ fún Tíńtín pé èmi ni mo dà á nù, pé Bàámi kàn bò mí láṣìírí ni. Kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ márùn-ún. Ní ọjọ́ Ajé, mo sọ fún Ìyá Máàkì àti Òkúta náà. Ìyá Máàkì gba máàkì mẹ́sàn-án rẹ̀ padà, ó fún mi ní òdo, ó sì sọ mí ní Ọlọ́sàn níwájú gbogbo kíláàsì. Ẹ̀rù orúkọ yẹn ló mú mi ṣe gbogbo ohun tí mo ṣe. Nígbà tó wá dé, kò wúwo tó ìkòkò òfìfo yẹn.

Ní Sátidé, Bàámi ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó ní kí n sè é. Mo gbé ọbẹ̀ ka iná, mo fún ọsàn méjì sí i, mo fi téèpù wọn ewé makaróní. Mo sì dúró ti ófùnù fún wákàtí kan gbáko, tí gbogbo ara mi ń pariwo pé kí n yọ ọ́. Bó ṣe ń jóná lọ, mo sọ ìtàn páálí náà fún Tíńtín, tó jókòó sórí ìjókòó kékeré, tó ṣì ń bínú. Ó gbọ́ ọ dópin. Àwòrán Màámi tó ń rẹ́rìn-ín lára ògiri nìkan ló ti ń rí láti ìgbà tó ti dáyé, gbogbo èèyàn ló sì ń sọ fún un pé kò sí ohun tí Màámi kò mọ̀ ọ́n ṣe.

"Àǹtí mi, ṣé Màámi náà máa ń ṣe àṣìṣe?"

"Púpọ̀!"

Ó ronú. Ó wá sún ìjókòó rẹ̀ mọ́ mi, ó fi orí lé itan mi.

"Mi ò mọ̀," ó ní. "Á jẹ́ pé wọ́n jọ mí nìyẹn."

Ohun tí ọ̀rọ̀ yìí kọ́ mi ni mo fẹ́ fi lé yín lọ́wọ́, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ẹ má da ohun tó jẹ́ ti ilé yín nù nítorí kí ará ìta lè pàtẹ́wọ́ fún yín. Tí kò bá tilẹ̀ dùn lẹ́nu yín, ẹ kọ́kọ́ béèrè ìtàn rẹ̀, torí ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ohun tí ẹ̀ ń tijú rẹ̀ ni ẹlòmíràn nínú ilé fi ń mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn òun.