Ẹ̀rín Tó Ń Gbé Ilé Tútù

Òwúrọ̀ ọjọ́ tí owó kọ́kọ́ ya wọlé fún Onífídíò ni ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pòórá.

Ó ti sáré dé yàrá iwájú láti bá a yọ̀. Obìnrin náà jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Aṣọ wà lábẹ́ abẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń tẹ ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kàn ń ṣí, ó ń pa dé, láìsí ohun tó ń ti ibẹ̀ jáde.

"Àǹtí, ẹ bá mi sọ̀rọ̀."

Aránṣọ fọwọ́ kan ọ̀fun rẹ̀. Nígbà tí ohùn yóò fi yọ, ó ti tín-ín-rín bí òwú. "Ó ń ṣe mí bí ẹni pé ẹnìkan ń fa nǹkan kúrò láyà mi. Díẹ̀díẹ̀. Bí ìgbà tí mo bá ń tú òwú lára aṣọ."

Ara Onífídíò bù máṣọ. Òun nìkan ló mọ àwọn tó ń fà á. Obìnrin yìí nìkan ló sì ní láyé. Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ yìí ló ti tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí àwọn òbí wọn ti kú.

Kò tíì pẹ́ tí àwọn méjèèjì jókòó sínú yàrá kan náà, tí wọ́n ń jiyàn nípa ilé tí fídíò máa gbé.

"Tún un sọ fún mi," ni Aránṣọ wí nígbà náà. "Ṣé fídíò náà tún ń sanwó ilé ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí. Kí àwọn èèyàn tó lè máa wo fíìmù lórí ìkànnì mi, fíìmù náà gbọ́dọ̀ máa gbé inú ẹ̀rọ ńlá kan tí kì í sùn. Ẹlòmíràn ló ni ẹ̀rọ ọ̀hún. Èmi á kàn háyà ààyè níbẹ̀ ni."

"Kí lo wá ń ronú sí? Háyà èyí tí apá rẹ ká."

"Èyí tí apá mi ká, bí òǹwòran bá ti pọ̀ díẹ̀, fíìmù á dúró, á máa yí bí òòyì. Èyí tó yára, bí wọ́n bá ṣe wò ó tó ni wọ́n ṣe ń gbowó tó. Ọjọ́ tí mo bá lókìkí ni mo wọ gbèsè. Òmíràn wà tí owó rẹ̀ kò wọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀nà rẹ̀ jìn. Òṣèré á ti pa ẹnu dé kí ohùn rẹ̀ tó dé."

Aránṣọ bú sẹ́rìn-ín. "Ó jọ ọkùnrin kan tó fẹ́ fi mí ṣaya. Lónìí ló ń ṣèlérí, ọdún tó ń bọ̀ la máa ń gbọ́ ọ."

Onífídíò náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Akẹgbẹ́ rẹ̀ kan, tí òkìkí rẹ̀ kàn lójijì, ti júwe ilé kan fún un. "Wọ́n ń pe bàbá náà ní Onílé Tútù," ni akẹgbẹ́ náà wí. "Kì í gbowó rárá." Kò sì wo ojú rẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́.

Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn irin kan ni Ilé Tútù wà, ní òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí kò ní fèrèsé. Òtútù ibẹ̀ ń gé eegun. Àwọn ẹ̀rọ to ara wọn dé àjà, iná kéékèèké ń ṣẹ́jú lára wọn, ó dà bí ojú ẹranko nínú igbó. Gbogbo wáyà wọn ló para pọ̀ sínú igbá ńlá kan nílẹ̀. Ohun tó wà nínú igbá náà dúdú, ó sì ń mí.

Arúgbó kan nínú ẹ̀wù òtútù jókòó tì í.

"Jókòó, ọmọ. Òǹwòran mélòó lo fẹ́?"

"Ẹ kú ilé, Baba. Ó lè jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, tí Ọlọ́run bá…"

"Má pe orúkọ yẹn níbí. Gbogbo ẹni tó lójú ni yóò wò ó. Kò ní dúró, kò ní yí. O ò sì ní san kọ́bọ̀."

"Kí wá lẹ ó gbà lọ́wọ́ mi?"

"Ojú kan. Fídíò tó bá kọ́kọ́ wọ ẹ̀rọ mi, ojú tó bá wà nínú rẹ̀ ni tèmi. Yóò máa yọ fìrí kí fíìmù kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá rí i yóò bu díẹ̀ nínú èémí ẹni náà. Ohun tí wọ́n bá bù ni ẹ̀rọ mi ń mu."

"Ṣé ẹni náà yóò kú ni?"

Arúgbó náà rẹ́rìn-ín músẹ́. "O ń wá ilé olówó pọ́ọ́kú, o tún ń bèèrè ẹni tí wọ́n sin sí ìpìlẹ̀ rẹ̀."

Onífídíò rò ó wò. Ó ní fíìmù àtijọ́ kan nílé, èyí tí òṣèré kan ṣoṣo tó wà nínú rẹ̀ ti kú tipẹ́tipẹ́. Ẹni tí kò mí mọ́, kí ni wọ́n fẹ́ bù lára rẹ̀? Ó na ọwọ́.

Arúgbó náà fi abẹ gé àtàǹpàkò rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kán sínú igbá, gbogbo iná inú yàrá sì pọ́n lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ojú tó bá wò ó, kó bù ú," ni arúgbó náà ń pè. "Etí tó bá gbọ́ ọ, kó bù ú. Bí wọ́n ti ń bù ú, kó má ṣe tán níbí. Ibi tó ti ń wá ni kó ti máa tán."

Ìṣe iṣẹ́ ọwọ́ Onífídíò ló kó bá a. Àwọn onífídíò kì í gbé odindi fíìmù sínú ilé tuntun láìkọ́kọ́ fi fídíò kékeré kan dán ibẹ̀ wò, láti mọ̀ bóyá ohùn àti àwòrán jọ ń rìn. Fídíò kan ṣoṣo ló fi ń dán gbogbo ilé wò: Aránṣọ nídìí ẹ̀rọ, tó ń rẹ́rìn-ín sí ìsọkúsọ àbúrò rẹ̀. Ó kúrú, ohùn rẹ̀ mọ́ gaara, ọwọ́ sì ń rìn nínú rẹ̀. Nígbà tó délé, ìka rẹ̀ ti yan fídíò náà kí ọkàn rẹ̀ tó rántí.

Ẹ̀rín náà jáde lójú kọ̀ǹpútà. Kò dúró. Kò yí. Ìgbà yẹn ló rántí àdéhùn arúgbó.

Ó gbé fíìmù òkú òṣèré tẹ̀ lé e kíákíá. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé arúgbó lè máa purọ́. Ó sọ bẹ́ẹ̀ títí di òwúrọ̀ tí owó wọlé.

Ó sáré padà sí Ilé Tútù.

"Baba, àṣìṣe ni. Mo kàn ń dán an wò ni."

"Ohun tó wọlé ti wọlé."

"Màá pa fídíò náà rẹ́."

"Pa á rẹ́. Ohun tó bá kúrò níbí ti kúrò láyé."

"Màá ti ìkànnì náà pa."

"Kọ́kọ́rọ́ wo lo fẹ́ fi tì í?"

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ gba ojú tèmi, kí ẹ fi tirẹ̀ sílẹ̀."

Arúgbó náà mi orí. "Tìrẹ ń bọ̀. Má kánjú."

Kò mọ ohun tó kù tí yóò ṣe. Ó kọ ọ́ sí iwájú ìkànnì náà pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má wò ó mọ́, pé ẹ̀rín tí wọ́n ń rí ń pa èèyàn. Kò pẹ́ tí gbogbo ayé fi ń wọ́ wá láti wo ẹ̀rín tó ń pa èèyàn.

Lórí ibùsùn, Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Kò fẹ́ rín in. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á fà sókè fúnra rẹ̀, eyín á yọ, àyà á mì, lẹ́yìn náà ojú á rọ. Kí ó tó fa èémí wọlé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tún ti fà. Ètè rẹ̀ ya. Egungun àyà rẹ̀ yọ síta. Dókítà tó wá sílé kó irinṣẹ́ rẹ̀ padà sínú àpò, ó ní òun kò rí àìsàn kankan.

"Ìkànnì rẹ ńkọ́?" ni Aránṣọ bèèrè láàárín ẹ̀rín méjì. "Èmi tí mo ra kọ̀ǹpútà fún ọ ni mi ò tíì wò ó."

"Ẹ jẹ́ kí ara yín le ná, Àǹtí."

"Àbí ojú ń tì ọ́ pé kí aránṣọ wò ó?"

Ó fẹ́ jẹ́wọ́. Ó ní òun ń lọ bu omi wá.

Nígbà tó padà dé, obìnrin kan tó wá gba aṣọ rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. "Ó bẹ̀ mí pé kí n fi ìkànnì rẹ han òun lórí fóònù mi ni," ni obìnrin náà wí. "Àbí mo ṣe ohun tí kò dára?"

Fóònù náà ti wà lọ́wọ́ Aránṣọ.

"Àǹtí, ẹ fi sílẹ̀."

Kò gbọ́. Omijé ayọ̀ ló wà lójú rẹ̀. Ohùn rẹ̀ padà, ó dún ketekete bíi ti àtijọ́.

"Èmi nìyí. Iwájú gbogbo fíìmù lo fi mí sí. Mo ń rò pé o ti gbàgbé mi."

Aránṣọ inú fóònù rẹ́rìn-ín. Aránṣọ orí ibùsùn ya ẹnu láti bá a rín in, ojú òun fúnra rẹ̀ sì bu èémí rẹ̀ tó ṣẹ́kù. Àyà rẹ̀ wọlé, ó ń wọlé ṣáá, títí awọ fi lẹ̀ mọ́ egungun ẹ̀yìn, egungun ìhà sì ń ṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan bí igi gbígbẹ. Ẹ̀jẹ̀ yọ ní imú rẹ̀. Ẹ̀rín náà kò kúrò lójú rẹ̀ mọ́. Lọ́wọ́ rẹ̀, fíìmù bẹ̀rẹ̀, láìdúró, láìyí.

Oníbàárà ti sá jáde. Onífídíò gbé fóònù náà láti pa á. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ìkànnì náà dúró. Òbíríkítí kékeré kan ń yí lójú rẹ̀, ó ń yí, ohùn arúgbó sì ti inú rẹ̀ jáde wẹ́rẹ́.

"Ààyè kan ṣí."

Iná kámẹ́rà tàn sí i lójú. Ojú tó yọ láàárín òbíríkítí náà ń sunkún, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ojú rẹ̀ ni.

Níbìkan, ẹnìkan tí kò mọ̀ rí tẹ fíìmù kan. Láyà Onífídíò, nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í tú, díẹ̀díẹ̀, bí òwú lára aṣọ.