Esùsú Méjì Nínú Ìkòkò Àlàáfíà

Níwájú ìkòkò ọtí àlàáfíà gan-an ni Barutwanayo kú sí. Ó fi esùsú fa ọtí ọkà bàbà náà lẹ́ẹ̀mejì, ó di ikùn mú, ó sì ṣubú lulẹ̀ lójú àwọn àlejò tí wọ́n ti Kinshasa àti Dar es Salaam wá wo bí wọ́n ṣe ń parí ìjà ní Burundi. Kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn ní Gitega, ẹ̀mí ti bọ́.

Inú ọgbà Ilé-Iṣẹ́ Àlàáfíà ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Owó orí wa ni ìjọba fi kọ́ ilé náà, òun náà ni wọ́n fi ń san owó oṣù àwọn tó ń kọ́ ayé bí a ṣe ń bọ ara wa lọ́wọ́. N kò bá wọn jà o. Wọ́n ti pa iná ìjà púpọ̀ lórí àwọn òkè wa, àti ní ilẹ̀ àwọn aládùúgbò wa pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ikú burúkú ni ikú tó bá ènìyàn níbi tí wọ́n ti ní kó wá mu ọtí ìfọ̀kànbalẹ̀.

Ẹni tí wọ́n ń la ìjà òun àti Barutwanayo ni bàbá arúgbó kan tó ń jẹ́ Ntahomvukiye. Ilẹ̀ ni wọ́n ń jà lé: arúgbó sá lọ sí Tanzania nígbà ogun, Barutwanayo sì dáko sórí ilẹ̀ rẹ̀. Arúgbó ló pọn ọtí náà, esùsú ìfamu tirẹ̀ ló sì wà lẹ́nu Barutwanayo nígbà tó ṣubú. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ti fi ṣẹkẹṣẹkẹ sí i lọ́wọ́. Sylvère, àkọ́bí olóògbé, gbé àdá, ó búra pé bí wọ́n bá fi lè sin bàbá òun láìrí apànìyàn mìíràn, òun yóò dáná sun ilé Ntahomvukiye tìyàwó tọmọ. Gbogbo òkè náà mọ̀ pé kò ṣàwàdà, ọ̀la sì ni ìsìnkú.

Inspẹ́kítọ̀ Bukuru ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí kì í pariwo. Àtìmọ́lé ló kọ́kọ́ lọ.

"Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ pa á?"

"Bí mo bá fẹ́ pa á, ọmọ mi, oko ni n bá ti pàdé rẹ̀. Ṣé iwájú kámẹ́rà ni wọ́n ti ń pànìyàn ni?"

"Ẹ tọ́ ọtí náà wò kí ẹ tó fún un?"

"Ta ni kì í tọ́ ọ wò? Mo fi igbá bù ú, mo mu ún, gbogbo wọn rí mi. Bí mo ṣe fẹ́ ti esùsú mi bọ ìkòkò báyìí, wọ́n ní ká ṣe pàṣípààrọ̀: kí n fún un ní tèmi, kó fún mi ní tirẹ̀. Ẹnu yà mí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, n kò rí irú rẹ̀ rí."

Àwọn tó yẹ ọtí náà wò ti sọ fún Bukuru pé kò sí nǹkan kan nínú ìkòkò. Inú esùsú arúgbó ni wọ́n ta oògùn kòkòrò sí, ó sì ti gbẹ mọ́ ọn. Bukuru ronú díẹ̀, ó wá kọjá sí Ilé-Iṣẹ́ Àlàáfíà.

Ọ̀gá àgbà ibẹ̀, Dókítà Ndikuriyo, ń làágùn nínú kóòtù rẹ̀. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ dé orí esùsú ni ojú rẹ̀ là.

"Pàṣípààrọ̀? Èrò tèmi ni! Kò sí i nínú àṣà òkè kankan ní Burundi. Èmi ni mo jókòó tí mo ro ó. Àwọn ará Kinshasa ti ní àwọn máa gbé e lọ sílé."

"Ṣé kí n bá wọn di òkú mọ́ ọn?"

Ojú Dókítà wálẹ̀.

"Ta ló mọ̀ nípa rẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

"Èmi àti Ciza, tó ń bójú tó ìlàjà. A fẹ́ fi ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni. Òun náà ló gba àwọn esùsú lọ́wọ́ wọn láàárọ̀ pamọ́ di àsìkò ìmutí."

Nínú yàrá kejì, Ciza fi ẹ̀rín músẹ́ gba ọlọ́pàá. Obìnrin tó ga ni, ohùn rẹ̀ tutù. Ẹni tó bá gbọ́ ọ tó ń la ìjà á fẹ́ dárí ji ẹni tó jí ewúrẹ́ rẹ̀.

"Mo gbà wọ́n lóòótọ́," ó ní, "orí tábìlì ọ̀gá ni mo kó wọn sí. Ẹ bi òun."

"Ciza ni àbúrò tèmi náà ń jẹ́. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ ńkọ́?"

"Mi ò ní ẹ̀gbọ́n. Èmi nìkan ni ìyá mi bí."

Bukuru dúpẹ́, ó jáde. Ó bi awakọ̀ wọn léèrè ibi tí obìnrin náà máa ń lọ nígbà ìsinmi, ó sì wakọ̀ gba ọ̀nà Rutana lọ.

Ó bá ìyá Ciza níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. "Màmá, mo wá béèrè àwọn ẹ̀gbọ́n Ciza ni."

Ọwọ́ ìyá dúró. "Ta ló rán ẹ?"

"Èmi náà, Bukuru ni mí."

Ìyá wò ó títí. "Barutwanayo ló kó àwọn ọmọkùnrin kan wá sílé wa nígbà ogun. Wọ́n fa àwọn ọmọ mi yọ lábẹ́ ibùsùn, wọ́n kó wọn lọ. Kí n kàn rí egungun wọn sin, kò sí ohun mìíràn tí mo ń bẹ Ọlọ́run fún."

Nígbà tó padà dé Gitega, ó kó gbogbo wọn jọ sídìí tábìlì róbótó ńlá ilé-iṣẹ́ náà: Dókítà, Ciza, Sylvère tí ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, àti arúgbó pẹ̀lú ṣẹkẹṣẹkẹ rẹ̀.

"Sylvère, gbọ́," Bukuru bẹ̀rẹ̀. "Bàbá yìí ò mọ̀ pé wọ́n máa pààrọ̀ esùsú. Bó bá jẹ́ òun ló ta oògùn sí i, ara rẹ̀ ni ì bá fi pa. Ẹni tó mọ̀ ṣáájú ló ṣe é. Èèyàn méjì ló mọ̀."

"Kì í ṣèmi o!" Dókítà kígbe.

"Mo mọ̀. Ẹ jókòó." Ó yíjú sí Ciza. "Ìkejì mi ń jẹ́ Butoyi. Gbogbo ìbejì ilẹ̀ wa, Bukuru àti Butoyi ni wọ́n ń jẹ́. Ọmọ tó bá tẹ̀lé wọn, Ciza ni. Kò sí ìyá tó máa sọ ọmọ rẹ̀ ní Ciza láìkọ́kọ́ bí ìbejì. O fi wọ́n pamọ́, nítorí ilé-iṣẹ́ yìí kì í jẹ́ kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn la ìjà. Mo ti rí màmá rẹ."

Ẹ̀rín kúrò lójú Ciza. Ohùn tútù yẹn náà lọ.

"Ẹ rí i tó wọlé? Aṣọ funfun ló wọ̀! Ọ̀gá mi bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n ya fọ́tò. Wọ́n ní kí n gbé àga fún un. Èmi! Mo gbé e. Ta ló gbé àga fún ìyá mi? Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ń pè é ní bàbá lọ́jọ́ tó kó wọn lọ, mo wà lábẹ́ ibùsùn yẹn, wọn ò rí mi, mo gbọ́ ọ! Ó dùn mọ́ mi pé ó kú. Ẹ jí i, màá tún pa á."

"O mọ̀ pé arúgbó yìí ni wọ́n máa mú," Bukuru ní.

"Mo mọ̀."

"Àti pé wọ́n máa sun ilé rẹ̀?"

Sylvère ti bo ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bukuru tú ṣẹkẹṣẹkẹ lọ́wọ́ arúgbó, ó fi sí ọwọ́ obìnrin náà.

Ntahomvukiye jókòó, ó ń fọwọ́ ra ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ó wo Ciza pẹ́.

"Ọmọ mi," ó ní, "ó wá bá mi nílé kí ọjọ́ náà tó pé. Kì í ṣe torí ilẹ̀ nìkan ló ṣe gbà láti wá. Ó ní àwọn ìbejì kan wà tí òun pa nígbà ogun, oorun ò kùn òun mọ́ nítorí wọn. Ó ní bí a bá mu ọtí náà tán, òun máa dìde lójú gbogbo èèyàn, òun máa sọ ibi tí òun sin wọ́n sí, kí ìyá wọn lè wá kó wọn."

"Irọ́ ni," Ciza ní.

"N kò purọ́."

Ciza dìde tòun ti ṣẹkẹṣẹkẹ lọ́wọ́. "Ibo ló ní wọ́n wà? Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ó máa ti sọ fún yín. Ibo ló ní?"

"Kò sọ fún mi. Ó ní ẹnu ara òun ni òun máa fi sọ ọ́."

Ciza yíjú sí Sylvère, ó bi òun náà. Sylvère mi orí pé òun ò mọ̀.