Àwo Kẹtàlá

Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ti wọ ọwọ́ ọ̀tún Bàbá Àjàlá nígbà tí Ìnsípẹ́kítọ̀ Oríyọmí wọlé. Ó ní kí ọlọ́pàá fi ọwọ́ òsì sílẹ̀ ná.

Bàbá Àjàlá ló ń gbálẹ̀ yàrá ìwádìí yìí ní Ìkòròdú. Oṣù méjì ló kù kí ó fẹ̀yìntì.

Àwo pẹlẹbẹ mẹ́tàlá ló dojú dé nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Nǹkan aláwọ̀ ewé ti bo inú méjìlá.

Dókítà Moyọ̀sọ́rẹ tó ni iṣẹ́ náà fara ti ògiri. “Ọdún mẹ́ta. Olú wẹ́wẹ́ kan ń gbé inú ewé asófẹ́yẹjẹ, kì í pa ewé náà lára. Omi ara rẹ̀ ń pa kòkòrò inú egbò tí oògùn kò ràn mọ́. Kò sí irú rẹ̀ níbòmíràn. Funfun bí òwú ni ní Jímọ̀, ẹ wá wo ohun tí mo bá láàárọ̀ Mọ́ńdè yìí.”

“Báwo lẹ ṣe ń mú un jáde nínú ewé?”

“A ó fi spírítì àti jíìkì fọ ara ewé, kí gbogbo ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn kú. A ó fi omi tó mọ́ ṣan án, a ó gé e sórí oúnjẹ tó dì nínú àwo. Ohun tó bá hù, inú ewé ló ti wá.”

“Àwo kẹtàlá kò ní nǹkan kan nínú.”

“Omi tí a fi ṣan ewé kẹ́yìn la dà síbẹ̀, láti mọ̀ bóyá ewé mọ́. Kò yẹ kí nǹkan hù níbẹ̀.”

Ùsmán, igbákejì Dókítà, dá sí i. “Ọ̀gá, kí lẹ tún ń wá? Bàbá ni wọ́n fi àkísà wọn ṣí àwo.”

“Bàbá, ẹ fọwọ́ kàn án?”

“Rárá, ọmọ mi. Ẹni tó yó ló ń da àwo dé. Mi ò fẹ́ràn àwo oúnjẹ tó dojú dé.”

“Òótọ́ ni,” Dókítà wí. “Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Bàbá ti yí ojú àwọn àwo sókè. Mo bá wọn jà títí. Omi ìdérí á máa kán sórí olú.”

“Ùsmán, níbo lo wà ní Sátidé?”

“Mo lọ kí ìyá mi ní Ẹ̀pẹ́. Mo gbé kúlà lọ, kí n lè fi ra ẹja bọ̀.”

Bàbá Àjàlá rẹ́rìn-ín músẹ́. “Kúlà òfìfo. Mo ní kí n bá a gbé e, ó ní kí n má mì í.”

Oríyọmí gbé àwo kẹtàlá sókè.

“Bí àkísà bá kó ìdọ̀tí wọ kọ́bọ́ọ̀dù, kò ní fo èyí. Nítorí náà, àwo méjìlá yìí kì í ṣe tàtijọ́. Ewé tí a kò fọ̀ ló wà nínú wọn. Ẹni tó pààrọ̀ wọn fi èyí sílẹ̀ nítorí kò sí ohun tí yóò jí níbẹ̀. Ó sì dojú àwo tuntun dé. Bàbá ì bá ti yí ojú wọn sókè.”

Ùsmán kò wo ẹnikẹ́ni. “Èmi ni mo wọ igbó Ìmọ́tà lọ já ewé yẹn. Orúkọ Dókítà nìkan ló wà lórí ìwé ìwádìí wa.”

“Níbo làwọn àwo mi wà?” Dókítà bi í.

“Ilé Àlájà, ìyá mi, ní Ẹ̀pẹ́. Lẹ́bàá Ọjà Olúwo.”

Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kúrò lọ́wọ́ Bàbá Àjàlá.

Ní Ẹ̀pẹ́, Àlájà Mùlíkátù ń to ẹja sórí àtẹ wáyà lórí ààrò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwo pẹlẹbẹ ń gbẹ nínú oòrùn, wọ́n ń dán.

“Ùsmán, àwo tó ti bu lo gbé wálé fún mi, o ò lè fọ̀ ọ́? Ọṣẹ àti kànrìnkàn ni mo fi bó o.”

Dókítà lóṣòó. “Gbogbo ẹ̀, mà?”

“Mọ́kànlá ni mo rí.”

Oríyọmí ṣí kúlà. Ó gbé ìwé ìròyìn tó tutù kúrò nísàlẹ̀ inú rẹ̀. Àwo kan ló kù níbẹ̀, ó dojú dé, olú inú rẹ̀ sì funfun.